Kí ẹ tó ní ká jáde nínú pẹ́ńṣàn, ẹ béèrè 10% ọ̀gá yín

Ariwo "ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá wù jáde" ti gba ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ kan báyìí, mo sì mọ ibi tó ti ń dùn wọ́n. Owó oṣù ò tó ná, owó ilé-ìwé ọmọ ń dúró deni, ẹ sì rí i pé wọ́n ti yọ 8% kúrò fún pẹ́ńṣàn kó tó kan yín lọ́wọ́. Inú ta ni yóò dùn sí i? Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ pẹ́ńṣàn kọ́ mi ni pé 8% yẹn kọ́ ló yẹ ká máa jà lé lórí. 10% tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi kún un ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin pẹ́ńṣàn ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8% ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ dá 10% ó kéré tán, lórí àròpọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦200,000, ₦16,000 ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ yín, ₦20,000 ni ọ̀gá ń dá. ₦36,000 ló yẹ kó wọ àpò ìfẹ̀yìntì yín lóṣooṣù. Lọ́dún mẹ́wàá, láìka èrè tí owó náà ń pa, ó di ₦4,320,000. Ẹni tó bá jáde, tó sì lè máa tọ́jú ₦16,000 tirẹ̀ lóṣooṣù láìfọwọ́ kàn án (ẹ bá mi wá irú ẹni bẹ́ẹ̀), ₦1,920,000 ló máa bá níbẹ̀. Kò tiẹ̀ ní pé bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í gba owó orí lórí owó tó bá lọ sí pẹ́ńṣàn. Tó bá ti di owó ọwọ́ yín, ìjọba á bù tiẹ̀ nínú rẹ̀.

₦20,000 ọ̀gá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló máa wà. Kò sẹ́ni tó máa fi kún owó oṣù yín nítorí pé ẹ jáde. Òfin kan náà ló tún ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí iye rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan, kí ìdílé ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ lè rí nǹkan dì mú. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ òun kúrò lábẹ́ òfin yìí, kó fọkàn sí ìyẹn náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé PFA kan, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣàn wa, ló ń sanwó ẹnu fún mi o. Tí mo bá fẹ́ bú wọn, ọ̀rọ̀ ò wọ́n mi.

Wọ́n á ní ṣebí àwọn ṣọ́jà jáde lọ́dún 2011, pé àwọn ọlọ́pàá náà fẹ́ jáde. Òótọ́ ni, ìbínú àwọn ọlọ́pàá ò sì ṣàìnídìí: iye tí wọ́n ń kó lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì ò jọ ti ṣọ́jà rárá. Àmọ́ inú ìsúnná ìjọba ni owó ṣọ́jà ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ti gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń wá kí òfin ọdún 2004, tó ní kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ máa dá owó, tó dé, nígbà tí àwọn arúgbó ń dákú lórí ìlà àyẹ̀wò. Ẹ tún wo àwọn tó wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣáájú ọdún 2004. Owó tí wọ́n dá lóṣooṣù wà níbẹ̀ digbí. Apá tó jẹ́ ti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba ní òun á san, òun ló há títí tí wọ́n fi fọwọ́ sí bọ́ǹdì ₦758 bílíọ̀nù lọ́dún 2025 láti fi san gbèsè pẹ́ńṣàn. Owó tó wà lórúkọ ẹni àti owó tí ìjọba ṣèlérí, ẹ wo èyí tó dúró.

Ìlẹ̀kùn díẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ẹni 50 ọdún, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gba 25% owó inú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Láti ọdún 2022, ẹ lè mú 25% nínú rẹ̀ fi ṣe owó ìdákalẹ̀ lórí ilé tí ẹ fẹ́ yá owó rà, bí ẹ bá ti dá owó fún 60 oṣù, ẹ̀yin àti ọ̀gá.

Tí wọ́n bá máa ṣílẹ̀kùn gbogbo, kí wọ́n ṣe é bíi ti Britain, níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè yọwọ́ nínú pẹ́ńṣàn ilé-iṣẹ́ láàárín oṣù kan tí wọ́n bá kó o wọlé, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un, kí ilé-iṣẹ́ sì tún kó o wọlé lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta. Ìjìyà wà fún ọ̀gá tó bá tì í láti jáde. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé "mo yọwọ́ nínú pẹ́ńṣàn" á ti wà lábẹ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ sí méjèèjì. Ta ló máa kọ̀ ọ́, nígbà tí ogún èèyàn ń dúró níta láti gba iṣẹ́ náà?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jáde ti jáde láìmọ̀. Ilé-iṣẹ́ ń yọ 8%, ìwé owó oṣù ń gbé e, owó ò dé ibì kankan. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, tí òṣìṣẹ́ bá ṣí sítétímẹ́ǹtì pẹ́ńṣàn rẹ̀, tó bá ọdún mẹ́ta tó ṣófo láàárín, tí ilé-iṣẹ́ ti kó lọ, tí akọ̀wé owó tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kú. PFA ò lè san ohun tí kò gbà. Kò sí ẹkún tó ń sọ òfo di owó.

Nítorí náà, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì yín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù. Ẹ má wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀, torí èrè máa ń bo òfo mọ́lẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ wò: ṣé owó yín wọlé, ṣé ti ọ̀gá wọlé, ọjọ́ wo? Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá san owó oṣù ló yẹ kó ti kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé 8% nìkan ló ń wọlé, ọ̀gá ń jẹ 10% rẹ̀ nìyẹn, èyí sì wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Nígbà mìíràn ọ̀gá san, àpò yín ṣì ṣófo. Ìdí rẹ̀ ni pé owó gbọ́dọ̀ bá ìwé rìn, ìwé tó to orúkọ, PIN (nọ́ńbà àpò pẹ́ńṣàn, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN) àti iye owó kálukú. Tí ìwé náà ò bá dé, tàbí tí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá yí nínú méjìlá tó tẹ̀lé PEN, owó á wà láìlórúkọ lọ́wọ́ olùtọ́jú, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń di owó pẹ́ńṣàn mú. Ọkùnrin ò fi bẹ́ẹ̀ níṣòro orúkọ, àmọ́ obìnrin tó ti yí orúkọ sí ti ọkọ, kó rí i pé NIN, PFA àti ìwé ilé-iṣẹ́ ń pe orúkọ kan náà.

Tó bá jẹ́ pé wọn ò san lóòótọ́, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́, ẹ fún PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso pẹ́ńṣàn, ní ẹ̀dà, kí ẹ so ìwé owó oṣù àti sítétímẹ́ǹtì àwọn oṣù tó ṣófo mọ́ ọn. Owó ìtanràn ò gbọ́dọ̀ dín ní 2% gbèsè náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan, inú àpò ìfẹ̀yìntì yín ló sì gbọ́dọ̀ wọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń wá kọngílá ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí PenCom hàn pé òun ti san ti gbogbo ọdún mẹ́ta tó ṣáájú, ọjọ́ ìkẹyìn oṣù Kejìlá ni ìwé ẹ̀rí náà sì ń kú. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín dé ní oṣù Kìíní, nígbà tí wọ́n ń sáré àtigba tuntun.