Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́ Nínú Títúmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ìríra láti Gẹ̀ẹ́sì sí Dáníìṣì

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìtumọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìwé òfin nìkan máa dẹ́rù bà yín. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù láti Gẹ̀ẹ́sì sí Dáníìṣì ni ọ̀rọ̀ ohun tí kò dùn ún gbọ́: èébì, òórùn, májèlé, èpè. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀ kan bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Dáníìṣì kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú "nasty" wò. Bó bá jẹ́ ọgbẹ́, "et grimt sår" ni. Bó bá jẹ́ ikọ́, "en slem hoste". Bó bá jẹ́ òórùn, "en ubehagelig lugt". Ẹja tó ti ń yọ̀ lọ́wọ́ ni "ulækker". Nínú àwọn wọ̀nyí, "ubehagelig" ló fúyẹ́ jù. "Ulækker" àti "væmmelig" a máa rin èèyàn nínú. "Modbydelig" ló wúwo, a sì ń lò ó fún ìwà ọ̀daràn pẹ̀lú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fẹ́ràn "klam" torí pé ó kúrú. Omi àti òtútù wà nínú "klam": ọwọ́ tó ń làágùn, aṣọ tí kò gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ń lò ó fún ohunkóhun tó bá rí wọn lára, àmọ́ nínú ìwé ilé ìwòsàn, awọ ara tó tutù tó sì ń làágùn nìkan ló ń tọ́ka sí. Kí ẹ tó mú èyíkéyìí, ẹ wò ó nínú Den Danske Ordbog, ìwé atúmọ̀ èdè Dáníìṣì, ọ̀fẹ́ ni lórí ordnet.dk, kí ẹ sì ka àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ náà. Bí wọ́n bá kọ "slang" tàbí "nedsættende" (ọ̀rọ̀ tó ń tàbùkù ẹni) síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ọ́fíìsì.

Ìrísí ọ̀rọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń gba "et" dípò "en" a máa fi "t" kún ọ̀rọ̀ àpèjúwe, bó bá sì ju ẹyọ kan lọ, a máa fi "e" kún un. Ṣùgbọ́n "grim" á di "grimme", "klam" á di "klamme", m di méjì. "Ulækker" á sọ k kan àti e tó ṣáájú r nù, á di "ulækre". "Rådden", tó túmọ̀ sí jíjẹrà, á di "rådne". Ẹ̀rọ tó ń yẹ sípẹ́lì wò kì í sábà mú "grimt" tó jókòó síbi tó yẹ kí "grim" wà, torí pé ojúlówó ọ̀rọ̀ ni méjèèjì.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú iṣẹ́ yìí ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "u-". Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á tètè mọ̀ ọ́n, torí "àì-" tiwa ń ṣe irú rẹ̀: àìsàn kì í ṣe pé ara ò kàn sàn, àrùn gidi ni. "Vejr" ni ojú ọjọ́, "uvejr" ni ìjì. "Dyr" ni ẹranko, "udyr" ni ẹranko abàmì tó ń pani. "Lykke" ni ayọ̀ tàbí oríire, "ulykke" ni jàǹbá. "Hygge" ni ìgbádùn ìjókòó pẹ̀lú ẹni ẹni, gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ. "Uhyggelig" sì ni ohun tó ń mú irun orí dìde. Àga tí kò rọni lọ́rùn kò lè jẹ́ "uhyggelig" láéláé, "ubekvem" ni. Ilé àwókù lóru ni "uhyggelig".

Ti òórùn, ẹ ṣọ́ra. "Duft" dára, "stank" burú, "lugt" wà láàárín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé "det lugter" tí ẹ dákẹ́, ó ti rùn nìyẹn. Ọbẹ̀ aládùn gbọ́dọ̀ "dufte".

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jọra bí ìbejì, tí wọn ò sì bára tan. "Gift" lédè Dáníìṣì ni májèlé, òun náà ni ẹni tó ti ṣègbéyàwó; ẹ̀bùn ni "gave". "Mug" ni ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ife ni "krus". "Slim" ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ ni "slank". "Rat" ni sítíárìn mọ́tò, eku ni "rotte". "Fart" ni eré sísá ọkọ̀. Isó ni "prut", bẹ́ẹ̀ "prutte" tún ni kéèyàn máa ná ọjà. Èyí tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni "abort". Fún oyún tó wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kọ "spontan abort" fún dókítà, "ufrivillig abort" fún ìdílé. Bí ẹ bá fi "abort" nìkan sílẹ̀, ẹni tó bá kà á lè rò pé ṣe ni obìnrin náà ṣẹ́ ẹ.

"Sick" náà ń pani lára. "I feel sick" ni "jeg har kvalme", inú ló ń rìn ín. Bí ará Bìrìtìkó bá ní "I was sick twice", ó bì lẹ́ẹ̀mejì: "jeg kastede op to gange". "Syg", tó túmọ̀ sí aláìsàn, kò sí nínú méjèèjì. Ìwé pélébé inú páálí oògùn a máa kọ "opkastning". Lẹ́nu ọ̀rẹ́, "brække sig". Ìgbẹ́ ni "afføring" fún nọ́ọ̀sì, "lort" fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú títì.

Lórí lébẹ̀ẹ̀lì kẹ́míkà, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti túmọ̀ rárá. Òfin Yúróòpù 1272/2008 ti kọ gbólóhùn ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ní gbogbo èdè tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń lò. H300 ni "Livsfarlig ved indtagelse", H301 ni "Giftig ved indtagelse", H302 ni "Farlig ved indtagelse". "Harmful" ni Gẹ̀ẹ́sì kọ sí H302, ọwọ́ á sì fẹ́ kọ "skadelig". Àṣìṣe ni. Ẹlòmíràn á rí "farlig", á fi "Fare" sókè lébẹ̀ẹ̀lì. Àṣìṣe kejì nìyẹn: "Fare" ni "Danger", "Advarsel" ni "Warning", "Advarsel" sì ni H302 ń gbà. Ẹ lọ sí EUR-Lex, ìkànnì tí òfin Yúróòpù wà, ẹ ṣí èdè méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wá Àfikún III, kí ẹ da gbólóhùn náà kọ bó ṣe wà, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Ó ku èébú inú fíìmù. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ti yá "fuck" àti "shit" lò, ṣùgbọ́n ata inú wọn ti dín kù. Àwọn ọmọdé ń sọ ọ́. Èyí tó bá ní láti ta ni lára, ẹ wá a lọ́dọ̀ èṣù àti ọ̀run àpáàdì: "for fanden", "for helvede". "Kraftedeme" le jù, "kí jẹjẹrẹ jẹ mí" ló wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èébú tí a kọ sílẹ̀ wúwo ju èyí tí a sọ lẹ́nu lọ, ìlà méjì péré ló sì sábà ń wà nísàlẹ̀ àwòrán. Bí òṣèré bá bú èébú mẹ́wàá nínú ìran kan, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ yọ àwọn tí ojú rẹ̀ ti sọ tán.