Iye lọ́tọ̀, orúkọ lọ́tọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí SQL tí a ń tò jọ nínú procedure

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa ní Iléṣà, bí ẹ bá ti ṣí kóòdù dátábéèsì àwọn alájẹṣẹ́kù, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọ́n kọ SQL sáàárín single quote, tí wọ́n wá ní kí dátábéèsì lọ ṣe é?" Ìbéèrè gidi ni. (SQL ni èdè tí a fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì; procedure ni àkójọ àṣẹ tí a ti kọ pamọ́ sínú dátábéèsì kí a lè máa pè é.) Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe dátábéèsì yẹn ya table (àtẹ tí a ń to ìsọfúnni sí) sọ́tọ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan: owo_2021, owo_2022, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, table kan tó ní column fún ọdún ni ǹ bá ṣe. PostgreSQL gan-an, ètò dátábéèsì tí a ń lò, ti ń bá èèyàn pín table ńlá sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ orúkọ kan láti ẹ̀dà 10 tó jáde ní 2017. Ṣùgbọ́n bí a ṣe bá a nìyẹn, owó àwọn oníṣòwò Ọjà Àtàkúnmọ̀sà sì ti wà nínú rẹ̀, a ò lè jí lọ́jọ́ kan ká tú u palẹ̀. Tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá fẹ́ mọ iye tí ẹnì kan fi pamọ́ ní 2022, procedure wa ò lè mọ table tó máa wò títí akọ̀wé yóò fi mú ọdún. Ibẹ̀ ni títo àṣẹ jọ lójú ẹsẹ̀ ti wúlò. Níbi tí ẹ bá ti mọ table àti column ṣáájú, ẹ kọ SQL yín gbalaja, ẹ má to nǹkan kan jọ.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

sql := 'SELECT sum(iye) FROM owo_' || p_odun || ' WHERE oruko = ''' || p_oruko || '''';
EXECUTE sql INTO apapo;

(Àmì || ló ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, p_odun àti p_oruko ni ọdún àti orúkọ tí akọ̀wé mú, EXECUTE ló sì ń ní kí dátábéèsì ṣe àṣẹ tí a tò jọ.) Ẹ wo single quote mẹ́rin tó tò síparí yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ pàápàá, tó bá padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á kọ́kọ́ fi ìka kà á. Ìyẹn kékeré. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan wá máa jẹ́ D'Almeida. Àmì tó wà lẹ́yìn D yẹn á ti ìlẹ̀kùn mọ́ orúkọ náà lójijì, Almeida á bọ́ síta, dátábéèsì ò ní mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á sì pariwo. Ariwo yẹn dáa. Èyí tí kì í pariwo ni kí ẹ bẹ̀rù. Kí ẹnì kan tẹ nǹkan báyìí sínú àpótí orúkọ:

x' OR '1'='1

Àṣẹ náà á di "oruko = 'x' OR '1'='1'". Ìdajì kejì yẹn kì í parọ́ láé, nítorí náà owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni dátábéèsì máa rò pọ̀ tí yóò sì gbé jáde, láìsí àṣìṣe kan tí ẹ ó rí lójú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú òṣómàáló lẹ wà. Ẹ má fi ìṣírò owó ṣeré níbí.

Àwọn kan á ní kí a kúkú máa yọ single quote kúrò nínú orúkọ kó tó wọlé. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ń jẹ́ D'Almeida ò bẹ̀ yín pé kí ẹ tún òun sọ lórúkọ, àti pé níbi tí iye bá ti jẹ́ nọ́ńbà lásán, kò sí single quote kankan tẹ́lẹ̀ tí ẹ máa yọ.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

EXECUTE format('SELECT sum(iye) FROM %I WHERE oruko = $1', 'owo_' || p_odun)
INTO apapo USING p_oruko;

(Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀ o, torí ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Mo lo orúkọ kí ẹ lè rí ohun tí mò ń sọ ni.)

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń dàrú mọ́ yín lójú. Ohun tó bá gba $1 kọjá, ìyẹn àyè tí iye tó wà lẹ́yìn USING máa bọ́ sí, kì í di ara àṣẹ. Dátábéèsì á ti ka àṣẹ tán, á ti mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, kó tó fi iye sí àyè rẹ̀. Kí ẹnì kan kọ OR ogún síbẹ̀, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò sí ni yóò jọ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ table kò lè gba $1 kọjá, nítorí dátábéèsì gbọ́dọ̀ mọ table tó ń lọ kó tó lè kà á tán. Ìdí nìyẹn tí %I fi wà: ó ń fi double quote dì orúkọ náà nígbà tó bá yẹ. Àwọn ètò dátábéèsì mìíràn ní tiwọn: SQL Server ní sp_executesql fún iye, QUOTENAME sì wà fún orúkọ. Oracle ní EXECUTE IMMEDIATE pẹ̀lú USING. MySQL ní PREPARE pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa gbà kí ẹ fi orúkọ table síbi tí iye ń gbà.

%I nìkan ò sì tó. Ohun tó ń ṣe ni pé kí nǹkan náà jẹ́ orúkọ. Kò mọ̀ bóyá orúkọ tó yẹ ni. Tí table kan bá wà tó ń jẹ́ owo_osise, tí p_odun sì jẹ́ text (ọ̀rọ̀ lásán), ẹni tó kọ "osise" sí àyè ọdún ti wọ ibi owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ẹ fi p_odun ṣe integer (nọ́ńbà odidi), kí ẹ sì fi to_regclass wò ó bóyá table náà wà kí ẹ tó EXECUTE. Tí kò bá sí, NULL (àmì pé kò sí iye kankan) ló máa fún yín, ẹ ó sì fi èdè tó yé akọ̀wé sọ fún un pé a ò ní ìwé ọdún yẹn. Ẹ kíyè sí lẹ́tà ńlá pẹ̀lú: %I á fi Owo_2022 sílẹ̀ bó ṣe rí, PostgreSQL á sì ní òun ò rí i, nígbà tó jẹ́ pé owo_2022 ló wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìwọlé wá kù. Lórí SQL Server, ẹni tí ẹ fún láyè láti lo procedure nìkan lè ka table tó wà nínú rẹ̀, tó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Bí ẹ bá ti to àṣẹ jọ, àǹfààní yẹn já, ẹni náà gbọ́dọ̀ ní àyè lórí table fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ti rí káàkiri ni pé wọ́n á kàn sọ ẹni náà di db_owner, ẹni tó ní àṣẹ lórí gbogbo dátábéèsì, kí ariwo lè dákẹ́. Ẹ má dán an wò. Ẹ fi EXECUTE AS yan user kan tí kò lè ṣe ju kó ka table wọ̀nyẹn lọ. Ní PostgreSQL, SECURITY DEFINER ló súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n agbára ẹni tó ni function ló fi ń ṣiṣẹ́: bí ẹ bá fi || so ọ̀rọ̀ ẹlòmíì mọ́ àṣẹ níbẹ̀, agbára yẹn lẹ gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ ṣètò search_path rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn àwọn ibi tó ti ń wá table.

Àwọn kéékèèké: EXECUTE kì í yí FOUND (àmì tó ń sọ bóyá àṣẹ rí nǹkan) padà ní PL/pgSQL, èdè tí a fi ń kọ procedure ní PostgreSQL; GET DIAGNOSTICS ni kí ẹ fi bi iye ìlà tí àṣẹ náà kàn. Bí ẹ bá fi || so NULL kan ṣoṣo mọ́ àṣẹ, gbogbo rẹ̀ á di NULL. Nígbà tí ẹ bá sì ń wá àléébù, ẹ gbé àṣẹ náà sínú sql kí ẹ fi RAISE NOTICE '%', sql tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ tó ṣe é. Lórí SQL Server, PRINT ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà 4,000 ló máa ń tẹ̀ nínú nvarchar (irú ọ̀rọ̀ tí sp_executesql ń gbà). Tí ìdí àṣẹ yín bá dà bí èyí tí wọ́n gé dànù lójú yín, PRINT ló gé e, ó lè jẹ́ pé kóòdù yín pé.