Trichoderma nídìí tòmátò mi: ó di ọ̀sẹ̀ 6

Ọjọ́ 1
Lọ́dún tó kọjá, ńṣe ni tòmátò ń rọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ewé apá kan á kọ́kọ́ pọ́n bí ìyeyè, apá kejì á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kí n tó mọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti sorí kọ́. Mo la ìdí igi kan sí méjì: ojú ibi tí omi ń gbà gòkè ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Mo ki òmíràn bọ ife omi, mo ń wò ó bóyá nǹkan bí wàrà á máa sun jáde. Kò sí. Kì í ṣe bakitéríà nìyẹn, Fusarium ni, fọ́ńgáì inú ilẹ̀ tó ń ba igi jẹ́ láti gbòǹgbò. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí fọ́ńgáì inú ilẹ̀ ni Trichoderma náà, àwọn fọ́ńgáì mìíràn ló sì máa ń bá jà jù.

Ọjọ́ 4
Mo se ìrẹsì, mi ò jẹ́ kó jinná tán kí hóró rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ra. Mo dì í sínú ọ̀rá méjì, mo tún fi ooru omi sè é. Ó tutù pátápátá kí n tó bu Trichoderma díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ 10
Funfun bí òwú ló kọ́kọ́ bò ó. Àárín ni àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń tàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo tú ẹnu ọ̀rá, ó ń ta sánsán bí àgbọn! (Ẹ fi nǹkan bo imú o, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa fò.) Ọ̀rá kejì ní ojú dúdú kan, mi ò tú u rárá, mo jù ú nù.

Ọjọ́ 12
Mo fọ ìrẹsì náà sómi òjò, mo sẹ́ ẹ, mo ki gbòǹgbò igi 6 bọ̀ ọ́ kí n tó gbìn wọ́n. Igi 6 mìíràn kò gba nǹkan kan.

Bí Trichoderma ṣe ń ṣiṣẹ́ ló wù mí jù. Okùn tín-ín-rín rẹ̀ á wé mọ́ ti fọ́ńgáì tó ń fa àrùn, á da oje tó ń jẹ ara fọ́ńgáì náà sí i, á wá fi í ṣe oúnjẹ. Richard Weindling, onímọ̀ nípa àrùn ọ̀gbìn, ti kọ èyí sílẹ̀ láti 1932.

Ọ̀sẹ̀ 6
Igi 6 tó gbà á dúró digbí, wọ́n ti ń tanná. Nínú àwọn tí kò gbà á, 2 pọ́n lápá kan. Mo sáré bu omi Trichoderma sídìí wọn. Ọjọ́ 9 kọjá, kò yí padà. Ó dùn mí gan-an. Kí Fusarium tó dé gbòǹgbò ló yẹ kí Trichoderma ti wà níbẹ̀. Bí àrùn bá ti wọnú igi, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o mọ́. Àná ni mo hú méjèèjì tòun ti erùpẹ̀ ìdí wọn.

Ó ń ṣe mí bíi kí n fún 4 tó kù náà, ṣùgbọ́n mi ò ní rí ohun tí màá fi wé àwọn yòókù mọ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá so.