Ọjọ́ Tí Omi Ká Mi Mọ́ Ṣọ́ọ̀bù Ní Àjìlósùn

Mò ń kọ èyí, ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lẹ́bàá odò Àjìlósùn ní Adó-Èkìtì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àgbàrá á sọ̀ láti orí òkè, ọ̀rá omi á ti dí gọ́tà, odò á sì ya wọlé. Èmi náà mọ̀, mo ṣì kó aṣọ ẹbí ogójì èèyàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. (Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò kan pẹpẹ. Owó pákó ni mo fi san àjọ.)

Omi dé ọrùn ẹsẹ̀, mò ń kó aṣọ sórí tábìlì. Ó dé orúnkún, tábìlì fúnra rẹ̀ léfòó. Mo sáré sí ìlẹ̀kùn. Ìta ló ń ṣí sí, omi ìta sì ti tì í pa. Garawa omi lítà 20, kílò 20 ni. Ẹ wo iye garawa tó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn yẹn! Iná ń tàn, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ ògiri. Mò ń gbóhùn mẹkáníìkì lódìkejì, n kò pè é, torí mo jẹ ẹ́ lówó jẹnẹrétọ̀. Gbèsè ti mù mí dé àyà kí omi tó dé orúnkún.

Màmá onílé ké láti òkè: "Ìyá Ṣeun, ṣé o wà ńbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Mo wà ńbí, mà. Kò séwu."

Kò gbà mí gbọ́. Òun ló pe mẹkáníìkì, wọ́n já irin fèrèsé, wọ́n fà mí jáde. Mo ti sá díẹ̀ nínú aṣọ náà, mo ti tà á ní ẹ̀dínwó.

Ẹ pa iná ní méènì kí omi tó wọlé. Ẹ má mu omi kànga lẹ́yìn rẹ̀ láìsè é, nítorí onígbáméjì. Ẹ má kó ọjà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pariwo, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ pariwo nígbà tó ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe owó àjọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ "kò séwu" fún alájọ, fún oníbàárà, fún ọkọ mi pàápàá. N kì í ṣe òpùrọ́ o, ojú ló ń tì mí.

Lánàá, Màmá onílé tún bi mí pé ṣé kò séwu. Mo ní, "Ewu wà, mà." Ó fa àpótí, ó jókòó.