Ta ní ń fọwọ́ síwèé fún àwọn ọ̀gá?

Báírò pupa ni wọ́n fi ń fa ilà náà. Bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá ti lù, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ní sẹ́ńtà ìlera á ṣí ìwé tí a fi ń fọwọ́ sí pé a ti dé, á fa ilà pupa sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, abẹ́ ilà ni yóò fọwọ́ sí. Abẹ́ ilà lẹ́ẹ̀mẹta, kúẹ́rì dé nìyẹn. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ògùn kí n tó fẹ̀yìn tì ní 2022. CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, ni ìwé ìjọba ń pe irú wa, ṣùgbọ́n n kò tíì rí aláboyún tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè mí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pè mí ní dókítà, n kì í sì í bá wọn jiyàn púpọ̀.

Kúẹ́rì kan ṣoṣo ni mo gbà nínú gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí mi. 2016 ni. Obìnrin kan wá rọbí lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, oyún àkọ́kọ́ ni, ọmọ náà kò sì kánjú. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ẹnì kejì mi ti lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìyá tó ń gbálẹ̀ ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni ọmọ ké. Kí n tó nu ọmọ gbẹ, kí n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, kí n dúró de ibi ọmọ, kí n fọwọ́, súpábáísọ̀ ti ti káńsù dé, ó ti rí i pé n kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Kúẹ́rì náà ní kí n ṣàlàyé ìdí tí n kò fi dé síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Ẹni tí kò tíì kúrò níbi iṣẹ́ láti àná, báwo ni yóò ṣe dé?

Mo kọ èsì tó kún ojú fúlúsíkáàpù kan àti ààbọ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n sì fi í sínú fáìlì. Ohun tí mo ń rò títí di òní ni pé kò sí ẹnì kan, láti káńsù títí dé Abuja, tó gba kúẹ́rì lórí ìdí tó fi jẹ́ pé èmi àti ìyá tó ń gbálẹ̀ la jọ gbẹ̀bí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n kúkú mọ iye ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀. NPHCDA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìlànà tirẹ̀: nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí mẹ́rin, CHEW mẹ́ta, àwọn kékeré wa mẹ́fà tí yóò máa wọlé tọ àwọn èèyàn lọ, títí dórí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọgbà. Bébà dídán ni wọ́n fi tẹ ìwé náà, ó wúwo lọ́wọ́. Sẹ́ńtà mẹ́rin ni mo ti ṣiṣẹ́, n kò bá agbẹ̀bí mẹ́rin ní ọ̀kankan nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù, méjì ni wọ́n, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ń ka ìwé ìdánwò tí yóò fi lọ sí ìlú òyìnbó lórí tábìlì tí a fi ń gba káàdì.

Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi, sójà ni. (Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó máa ń ka ohun tí mo bá kọ, inú sì máa ń bí i.) Ní 2014, Borno ló wà. Alẹ́ ọjọ́ Sunday ló máa ń pè mí, ìbéèrè kan náà ni mo sì máa ń bi í, pé ṣé ó ti jẹun. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ kọ́ ni wàhálà wa. Ẹ bi mí bóyá ọta ìbọn tó." N kò bi í. Ẹ̀rù ohun tí yóò fi dáhùn ló bà mí.

Ní December ọdún yẹn ni ilé ẹjọ́ ológun ní Abuja dájọ́ ikú fún sójà 54, torí pé wọ́n kọ̀ láti lọ gba Delwa, Bulabulin àti Damboa ní Borno padà lọ́wọ́ Boko Haram. Àwọn sójà náà ní àwọn kò sá fún ogun, pé ohun ìjà tí wọ́n kó fún àwọn ni kò tó. Femi Falana ló gbẹjọ́ wọn rò. Mo rántí pé lọ́sẹ̀ yẹn n kò lè gbọ́ rédíò tán, mo kàn ń pa á, mo ń tàn án. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n yí ìdájọ́ ikú náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. December 2015 yẹn náà ni wọ́n mú Sambo Dasuki, tó ti jẹ́ olùdámọ̀ràn Ààrẹ Jonathan lórí ètò ààbò, wọ́n ní owó ohun ìjà tí gbogbo èèyàn ń pè ní bílíọ̀nù 2.1 dọ́là ló gba ibòmíràn lọ. Ó ní òun kò jẹ̀bi. N kì í ṣe adájọ́, n kò sì ní ṣe adájọ́ níbí. Mo kàn ń wo kàlẹ́ńdà ni. Ẹjọ́ àwọn sójà 54 kò gbà ju oṣù díẹ̀ lọ tí ìdájọ́ fi dé. Ẹjọ́ owó ohun ìjà, nígbà tí wọ́n fi tú Dasuki sílẹ̀ ní December 2019 kò tíì parí.

Bí ìjíhìn ṣe rí lórílẹ̀-èdè wa nìyẹn, bí omi òjò ni, ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣàn lọ. Ní December 3, 2023, bọ́ǹbù tí àwọn ológun fi drone jù bá àwọn tó ń ṣe Maulud ní Tudun Biri, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna. Àwọn ológun jáde, wọ́n ní àwọn ni, àṣìṣe ni. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn, torí kò wọ́pọ̀. Nígbà tó di 2024, wọ́n ní sójà méjì yóò fojú ba ilé ẹjọ́ ológun. Méjì. Àbí àwọn méjì náà nìkan ló ra drone, tí wọ́n kọ́ ara wọn, tí wọ́n sì rán ara wọn níṣẹ́?

Ẹ wá wo tiwa. Ní April 2019, mínísítà ètò iṣẹ́ nígbà náà, Chris Ngige, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kò séwu nínú kí àwọn dókítà máa lọ, pé a ní wọn ní àníṣẹ́kù. Sẹ́ńtà tí mo wà lọ́dún náà, dókítà máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí òjò kò bá rọ̀. Ní August 2021, àwọn dókítà tó wà lábẹ́ NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i ní ilé ìwòsàn ńlá, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 63. Ìjọba fi owó oṣù halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n tún gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní 2023, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin kan gbé àbádòfin wá pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kó tó gba ìwé àṣẹ tó kún rẹ́rẹ́. Ìyẹn ni pé kí a so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ dípò kí a fún un ní koríko. Ní April 2025, mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, wá sọ ọ́ síta pé ó lé ní dókítà 16,000 tí wọ́n rò pé wọ́n ti lọ láàrín ọdún márùn-ún sí méje, pé kò tó dókítà mẹ́rin fún èèyàn 10,000, pé ó ń ná orílẹ̀-èdè lé ní 21,000 dọ́là láti kọ́ dókítà kan. Láti àníṣẹ́kù dé àìtó, ọdún mẹ́fà péré, kò sì sẹ́ni tó bi ẹni àkọ́kọ́ pé níbo ló ti rí ìṣirò tirẹ̀.

Ẹ má gbọ́ mi ṣì. N kò ní kí wọ́n gba owó sójà fún nọ́ọ̀sì, àbúrò mi kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu ka ètò ìnáwó 2025 fún àwọn aṣòfin, tírílíọ̀nù 4.91 náírà ló pè fún ètò ààbò, 2.48 fún ìlera. Ti ìlera yẹn lé díẹ̀ ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó náà, bẹ́ẹ̀ ìlú Abuja wa yìí náà ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ìdá 15 ní April 2001. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ètò ìnáwó ti sọ èyí títí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orin. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ bínú lórí iye. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí wọ́n bá ti ka iye tán, ìjíròrò ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń padà wá lálẹ́, ní aago mẹ́ta òru, láti wo ẹni tó wà níbẹ̀.

Òfin ìlera 2014 dá owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́dé, BHCPF, ó kéré tán ìdá 1 nínú àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Òfin náà ní kí ìdá 15 nínú rẹ̀ lọ sórí ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, kí ìdá 10 lọ sórí àwọn òṣìṣẹ́. Ti ilé yẹn ni mo fojú rí. Wọ́n kun sẹ́ńtà wa, wọ́n yí páànù padà, wọ́n kọ orúkọ ọlọ́lá kan sára ògiri gàdàgbà. Ọ̀dà ṣeé yà ní fọ́tò. Agbẹ̀bí tó sùn sí sẹ́ńtà lóru, ta ni yóò lọ gé ríbọ́ọ̀nù fún un?

Ní ti àwọn ológun, àṣírí ni wọ́n máa ń fi bo ara wọn. Àṣírí wà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n pariwo ibi tí sójà sùn sí. Ṣùgbọ́n òfin FOI ti 2011, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba, tó sì fún wọn láyè láti fi ọ̀rọ̀ ààbò pamọ́, òfin yẹn kan náà ló ní kí wọ́n sọ ọ́ bí àǹfààní tó wà nínú sísọ rẹ̀ fún ará ìlú bá ju ewu rẹ̀ lọ. Iye bàtà tí wọ́n rà, iye tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó wọ̀ ọ́, ta ni ìyẹn lè pa?

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń ka òfin, ọmọ mi ní ó sàn ju kí n máa wo fíìmù lọ. Abala 14 nínú ìwé òfin 1999 kó ààbò àti ìgbádùn ará ìlú pọ̀ sínú gbólóhùn kan, ó ní àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ìjọba. Mo ka ìyẹn fún àbúrò mi lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a jọ wà lábẹ́ ilà pupa kan náà nìyẹn."

Ní April 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé òfin FOI kan ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ náà, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ni mo bá mú fúlúsíkáàpù. Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní àwọn sẹ́ńtà tó wà ní káńsù wa. Òfin ní ọjọ́ méje. Òfin tilẹ̀ ní kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè, kí wọ́n ti gbé orúkọ àti ipò àwọn òṣìṣẹ́ síta fúnra wọn. Ní ọjọ́ kọkànlá, ọkùnrin kan pè mí. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè ọmọ, ó wá ní, "Màmá, ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló rán yín?" Mo ní òfin sọ pé n kò ní láti sọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun á pe mí padà. Kò pè.

Mo kọ lẹ́tà kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọlọ́kadà kan gbé àpòòwé wá: ojú ewé mẹ́ta, wọ́n fi pín-ìn-nì dè é, kò sí òǹtẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i.

Sẹ́ńtà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo kọ́kọ́ wá. Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹni kìíní ti wà ní Kánádà láti 2021, ó máa ń fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́ sí mi. Ẹni kẹta ni ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun nìkan, tọ̀sán tòru. Ẹni kejì ni èmi.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo bọ awò, mo nù ún, mo tún un wọ̀. Èmi náà ni, pẹ̀lú ipò mi àti ọdún tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mo lọ yẹ ìwé báǹkì mi wò kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ẹ̀wọ̀n: owó ìfẹ̀yìntì nìkan ló ń wọlé, kò sí owó oṣù. Bóyá owó náà ń lọ síbì kan, bóyá wọ́n kàn gbàgbé láti fa ilà sí orúkọ mi lára. Èyí tó wù kó jẹ́, ìjókòó mi kò ṣófo. Nígbà tí kò sì ṣófo, wọn kò ní gba ẹlòmíràn síbẹ̀. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ka iye òṣìṣẹ́ lọ́la, a pé mẹ́ta.

Mo ti kọ lẹ́tà kẹta, pé kí wọ́n yọ mí kúrò, kí wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ọjọ́ kẹfà rèé. Kí n tó gbé e lọ, mo pe ọmọbìnrin náà ní sẹ́ńtà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, mo ń gbọ́ tí obìnrin kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ kíákíá o, ẹ wá bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú." Mo ní kó má ṣèyọnu. Kó ṣáà bá mi fọwọ́ síwèé láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n tó fa ilà pupa.