Bí Ìjàpá Bá Kọ Oúnjẹ

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tó bá pè mí pé ìjàpá òun kò jẹun mọ́ ni pé kí ó gbé ọwọ́ kúrò nídìí oúnjẹ ná, kí ó lọ wo ibi tí ẹranko náà ń sùn. Ìjàpá kì í ṣe ajá tàbí ewúrẹ́, tí ara wọn ń mú ooru wá fúnra rẹ̀. Ooru oòrùn àti ti ilẹ̀ ni ó ń gbà sára kí inú rẹ̀ tó lè da oúnjẹ, nítorí náà, bí ara rẹ̀ bá tutù, ohun tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ yóò dúró sójú kan nínú ìfun, ebi kò sì ní pa á, ìbáà jẹ́ ẹ̀fọ́ tó dára jù lọ lọ́jà ni a kó síwájú rẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, àsìkò méjì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń le jù. Ọ̀kan ni oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí ojú ọjọ́ máa ń ṣú láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn. Èkejì ni ìgbà ọyẹ́, nígbà tí òtútù òru máa ń mú títí tí ìwọ̀n ooru fi ń sún mọ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìjàpá tí a fi sílẹ̀ lórí sìmẹ́ntì lásán ní irú òru bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí a ní kí ó sùn sórí òkúta láìfún un ní aṣọ. Ẹ wá erùpẹ̀ gbígbẹ àti ewé gbígbẹ sí abẹ́ rẹ̀, kó nípọn dáadáa. Bí iná ọba bá wà, gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná ni kí ẹ fi kọ́ sókè igun kan, nítorí àwọn gílóòbù tuntun tí kì í jẹ iná kì í mú ooru wá. Bí wọ́n bá mú iná lọ (a kúkú mọ̀ pé wọn yóò mú un lọ), ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ìjàpá tí ẹ ń sìn kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, nítorí ohun tó wo ọ̀kan sàn lè pa èkejì. Irú méjì ni mo sábà máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn níbí. Èkíní ni ti inú igbó wa. Bí ẹ bá gbé àgbà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó rí ìlà kan tó la apá ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ ni ìkarahun náà ti ń ṣẹ́ wálẹ̀ láti fi bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, bí ìka yín bá sì há síbẹ̀, ẹ ó pariwo. Ibòji àti ọ̀rinrin ni ó fẹ́, kì í sì í ṣe ewé nìkan ni ó ń jẹ: olú, ìgbín, ekòló, ọ̀kùn àti èso tó já sílẹ̀ wà lára oúnjẹ rẹ̀. Èkejì ni ìjàpá ńlá tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya, tí àwọn olùtà ń pè ní sulcata, tí ilẹ̀ baba rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tó lọ láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Sudan, tí akọ rẹ̀ sì lè wọ̀n ju kílò 40 lọ bó bá dàgbà tán. Oòrùn àti koríko ni ti èyí. Bí a bá ń fi èso dídùn bọ́ ọ, inú rẹ̀ yóò dàrú, yóò sì kọ oúnjẹ. Ẹni tó so ìjàpá igbó mọ́ inú oòrùn ọ̀sán, àti ẹni tó fi sulcata sínú yàrá tó tutù, ọ̀kan náà ni ẹjọ́ tí wọn yóò wá rò fún mi.

Lẹ́yìn ibùsùn, omi ló kàn. Mo máa ń bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà, kó má ga ju abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lọ, màá sì gbé e síbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò kàn dúró gbagidi. Tó bá yá, yóò na ọrùn, yóò ti ẹnu bọ omi títí dé ihò imú, ẹ ó sì rí i tí awọ ọ̀fun rẹ̀ ń fẹ̀, tí ó ń sún kì, bó ti ń fa omi náà. Kò ní pẹ́ kó tó yàgbẹ́, kí ohun funfun kan sì bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ má bẹ̀rù ohun funfun yẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ rà á wò: bí ó bá rọ̀, kò sí ewu, bí ó bá le tí ó rí ṣákiṣàki lọ́wọ́, omi ti gbẹ lára ẹranko náà nìyẹn. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà, nítorí ìjàpá lè gbé kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọdé.

Nígbà tí ara bá ti yá gágá ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó kàn. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ fún mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ ìdí tí mo fi ń ṣa yánrin tútù ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọjọ́ kan lè wà tí ọkọ Yánníbo yóò kọ oúnjẹ. Yánrin dára fún irú méjèèjì. Fún ti igbó, mo máa ń gé ìbẹ́pẹ pípọ́n wẹ́wẹ́ lé e, nítorí àwọ̀ pupa àti òféèfèé máa ń fa ojú ìjàpá mọ́ra, tàbí kí n fọ́ ìgbín kékeré kan síwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá dá. Búrẹ́dì, ìrẹsì sísè àti ẹ̀bà kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ rárá, bó ti wù kí àwọn ọmọ ilé bẹ̀bẹ̀ tó.

Abo tó ti dàgbà lè ṣíwọ́ oúnjẹ nítorí pé ó ní ẹyin nínú. Bí ẹ bá rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa ilẹ̀ káàkiri, ẹ fún un ní erùpẹ̀ tó rọ̀, kí ẹ sì fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ipá la ẹnu rẹ̀, nítorí oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń gún fún ewúrẹ́ àti àgùntàn nítorí aràn. Oògùn yẹn máa ń rọ ìjàpá lápá rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì máa ń pa á. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé òun ni ìmọ̀ràn tó máa ń yára jáde lẹ́nu àwọn tó ń ta oògùn ẹran.

Bí ojú rẹ̀ bá wú tó sì dì pa, bí ìfóòfó bá ń yọ nímú rẹ̀, tàbí tó ń la ẹnu mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibùsùn àti bàsíà mọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko kan wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí a lè gba ọ̀nà Gbọ̀ngán àti Ìkirè dé. Inú páálí tí ẹ dá ihò sí lára ni kí ẹ gbé e sí, lọ́dọ̀ yín nínú ọkọ̀, kì í ṣe inú búùtù. Ẹ di díẹ̀ lára ìgbẹ́ rẹ̀ tútù sínú ọ̀rá dání, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aràn wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n nílé, nítorí òun ni ohun àkọ́kọ́ tí dókítà yóò béèrè.