Lẹ́tà tí mo kọ lọ́dún 2025

Ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni mo gbà lọ́dún yìí. Mo mọ rírì wọn, ṣùgbọ́n ohun tó yí ọwọ́ iṣẹ́ mi padà kò ní ìwé ẹ̀rí. Àpérò kan ni, lọ́sẹ̀ Ọjọ́ Òmìnira Oníròyìn nínú oṣù Karùn-ún. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn sọ̀rọ̀ n'Ìbàdàn lórí ìròyìn Yorùbá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ni ọmọbìnrin kan bá dìde lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú ìròyìn tí ẹ kà lórí rédíò láàárọ̀ yìí, èwo lẹ lọ wádìí fúnra yín?"

Mẹ́sàn-án ni mo kà. Méje wá láti ọwọ́ àwọn agbẹnusọ ìjọba lórí WhatsApp, méjì wá látinú ìwé ìròyìn. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ojú tì mí.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ pé òfin FOI ti ọdún 2011, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Èmi ni mo ka ìdájọ́ yẹn fáráyé gbọ́, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé mo lè lò ó! Oṣù Kẹfà ni mo tó jókòó kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ kan: èló lẹ ná sórí kànga ẹ̀rọ ilé ìwòsàn báyìí, ta lẹ gbé iṣẹ́ náà fún? Òfin ò ní kí n sọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Ẹ̀dà méjì ni mo gbé lọ. Akọ̀wé gba ọ̀kan, ó lu òǹtẹ̀ sórí èkejì, ó sì fi báírò pupa kọ déètì sí i. Láti orí déètì yẹn ni ọjọ́ méje tí òfin fún wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ méje pé, wọn ò fọhùn. Mo lọ, mo bọ̀, títí di ọjọ́ kẹrìndínlógún tí wọ́n fún mi ní ìwé ojú kan. Iṣẹ́ ti parí, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Mo gba ilé ìwòsàn náà lọ, mo yí ẹnu ẹ̀rọ omi. Atẹ́gùn ló fẹ́ jáde. Nọ́ọ̀sì nàka sí kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: àwọn aboyún ló ń pọnmi wá bímọ.

Nígbà tí a gbé ìròyìn náà sáfẹ́fẹ́, mo ka ibì kan nínú òfin yẹn mọ́ ọn, ní Yorùbá. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fi ẹnu béèrè. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún un ní ẹ̀dà kan. Fóònù ò sinmi lọ́jọ́ náà. Ìyá kan bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ṣé èmi náà?" Ẹ̀yin náà ni, mà. Ó dùn mí pé ọdún mẹ́rìnlá kọjá kí n tó sọ ọ́ fún wọn.

Ọmọbìnrin ọjọ́ àpérò yẹn ti ń ṣe IT, ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, lọ́dọ̀ wa láti oṣù Kẹwàá. Òrùlé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló ń wádìí. Ó ti tẹ lẹ́tà tirẹ̀ ní ẹ̀dà méjì. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, la jọ ń gbé e lọ.